Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Ìrora Yorùbá àti Iṣẹ́ Abẹ fún Ìrora Bárakú

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn ń gbà dín ìrora bárakú kù: mímú ohun tí ó tẹ iṣan kúrò, gígé ọ̀nà tí ìrora ń gbà, àti yíyí ìròyìn ìrora padà lójú ọ̀nà. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí aláìsàn fi sọ ìrora rẹ̀, bíi ro, ta, fà, gún àti jó, wà lára ẹ̀rí tí a fi ń yan ọ̀nà kan láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbé-ayé Adó-Àwáyè ní Òkè-Ògùn àti ìtàn iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Ìbàdàn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kókó rẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ aláìsàn bá sọnù láàárín èdè méjì, abẹ tí ó mú jù lọ lè ṣiṣẹ́ sí ibi tí kò yẹ.

Ìfáàrà

Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jẹ́ ìlú tí a kò lè dárúkọ kí a má dárúkọ òkè rẹ̀. Àtẹ̀gùn tí iye rẹ̀ lé ní 300 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Ìyàkẹ, adágún omi tí ó wà lórí àpáta. Lójú àlejò, gígùn ni iṣẹ́, sísọ̀kalẹ̀ ni ìsinmi. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan lè wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá ń gun òkè, tí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ara rẹ̀ yóò gbà á. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, itan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọn yóò wúwo, wọn yóò sì kú tipiri. Bí ó bá jókòó díẹ̀ lórí òkúta, gbogbo rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Ní oko, ó lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè láti àárọ̀ di ọ̀sán láìráhùn, kí ó má sì lè rìn padà sílé láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà.

Aromọléegun ni ará ilé yóò pè é. Ẹlòmíràn yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, yóò sì lọ wa egbò rẹ̀. Fún oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá-ẹ̀yìn, àlàyé yìí nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò eegun, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àìsàn náà lórúkọ: ihò tí àwọn iṣan ń gbà kọjá nínú eegun ẹ̀yìn ti há. Bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú, ihò náà a fẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá nà ró, a tún há. Ìrora ẹsẹ̀ tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí gígun òkè gan-an ni í mú un le. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àìsàn méjèèjì, tí ìtọ́jú wọn kò jọra rárá, wà nínú ẹnu aláìsàn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí ń dáhùn ni ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe sí ìrora tí ó ti kọjá oṣù mẹ́ta, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní ìrora bárakú, àti ipa tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹn ń kó nínú rẹ̀.

Àrokò, ìránṣẹ́ àti oníbodè

Ìrora kì í gbé inú ẹsẹ̀ bí omi ti ń gbé inú ìkòkò. Àrokò ni: ẹsẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́, ọpọlọ ni ó ń tú u. Okùn ìmọ̀lára ni ìránṣẹ́ tí ń gbé e. Níbí ni èdè ti kọ́kọ́ ń fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí pé iṣan ni Yorùbá ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun, iṣan ni wọ́n ń pe ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan náà ni wọ́n ń pe okùn ìmọ̀lára. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, okùn ìmọ̀lára nìkan ni iṣan dúró fún.

Ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ gbéra láti awọ ara, eegun tàbí oríkèé, ó sì wọ inú okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn, ìyẹn okùn ńlá tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ láàárín eegun ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ó ti fa àrokò lé ìránṣẹ́ kejì lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ kejì yìí a ré kọjá sí òdìkejì, a sì gòkè lọ sí ọpọlọ. Nítorí náà, ìrora ẹsẹ̀ òsì ń gba apá ọ̀tún ọ̀pá-ẹ̀yìn gòkè. Èyí yóò wúlò níwájú.

Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall gbé èrò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science tí ó yí ìmọ̀ nípa ìrora padà. Wọ́n ní ibodè wà níbi tí ìránṣẹ́ méjèèjì ti ń pàdé. Bí ìròyìn ìfọwọ́kàn bá pọ̀ níbẹ̀, oníbodè a dín àyè ìròyìn ìrora kù. Ọpọlọ náà lè ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí ó ṣí i tàbí kí ó tì í. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fi ojúgun gbá àpótí fi ń yára fi ọwọ́ pa ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe nínú èrò náà láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró: ìròyìn ìrora kì í dé ọpọlọ láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà.

Oríṣi ìrora méjì ni èyí mú kí a lè yà sọ́tọ̀. Nínú èkíní, ìránṣẹ́ ń sọ òtítọ́: eegun dá, oríkèé wú, egbò ń bẹ. Nínú èkejì, ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó fara pa. Ẹsẹ̀ lè wà ní àlàáfíà, kí iṣan rẹ̀ sì máa kígbe pé iná ń jó o. Kódà, ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa jẹ̀rora àtàǹpàkò tí kò sí mọ́. Oògùn tí a fi ń tọ́jú èkíní kì í sábà ran èkejì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Nínú gírámà Yorùbá, ẹni tí ń jẹ̀rora kì í sábà jẹ́ olùwà gbólóhùn náà. Ẹ̀yà ara ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀: Orí ń fọ́ mi. Inú ń run mí. Ẹ̀yìn ń ro mí. Fọ́ sábà ń bá orí rìn, run sì sábà ń bá inú rìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì sọ ibi tí ìrora wà ju bí ó ṣe rí lọ. Ṣùgbọ́n ro, ta, fà, gún àti jó lè bá ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rìn, nítorí bí ìrora ṣe rí gan-an ni wọ́n ń ṣàpèjúwe.

Ohun tí ń ro ni sábà máa ń wà lójú kan, a máa pẹ́, a sì máa le bí a bá lo ibẹ̀. Bí eegun, oríkèé àti ẹran ara ṣe ń ráhùn nìyẹn. Ohun tí ń fà láti ìdí gba ẹ̀yìn itan lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tọ ipasẹ̀ iṣan kan. Ohun tí ń ta lójijì bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé ènìyàn, ohun tí ń jó bí ata, ohun tí ń rìn bí èèrà lábẹ́ awọ, àti ibi tí ó kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, gbogbo wọn ń tọ́ka sí ìránṣẹ́ tí ó fara pa. Àwọn ìwé ìbéèrè tí a fi ń dá ìrora iṣan mọ̀ lóde òní, irú nǹkan báyìí gan-an ni wọ́n ń béèrè.

Melzack mọ iyì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbéèrè McGill tí ó gbé jáde ní 1975 to ọ̀rọ̀ 78 tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàpèjúwe ìrora sí ìsọ̀rí 20, kí dókítà lè mọ irú èyí tí ó ń gbọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún onímọ̀ èdè ni pé kò sí bí a ṣe lè túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe pín ìrora.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bàbá kan lè sọ nínú yàrá àyẹ̀wò pé, “Kì í ro mí, ṣe ni ó ń jó mi, tí ó tún ń ta mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.” Bí ẹni tí ń kọ̀wé bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí ó túmọ̀ sí ìrora dípò gbogbo rẹ̀, ẹ̀rí mẹ́ta ti ṣubú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí bàbá náà bá sì fi orúkọ àìsàn dáhùn, tí ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ìbéèrè kò tíì parí. Orúkọ àìsàn jẹ́ ìdájọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ̀rí. Ó yẹ kí a rọra padà bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ríro ni àbí jíjó? Ṣé ojú kan ni ó dúró sí, àbí ó ń fà lọ?” Ọ̀rọ̀-ìṣe kan kò tó láti gbé ènìyàn lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Àyẹ̀wò ara àti fọ́tò gbọ́dọ̀ bá a mu. Ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan náà kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le ni fọ́tò ẹ̀yìn wọn kò dára.

Ọ̀nà kìíní: Mímú ẹrù kúrò lórí iṣan

Iṣẹ́ abẹ tí ó rọrùn láti lóye jù ni èyí tí a fi ń gba ìránṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní 1934, William Mixter àti Joseph Barr fi hàn ní Boston pé tìmùtìmù tí ó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì lè ya, kí inú rẹ̀ tú jáde, kí ó sì tẹ iṣan ẹsẹ̀. Ìrora tí ń fà láti ìdí lọ sí ẹsẹ̀ rí àlàyé, ó sì rí iṣẹ́ abẹ: a ó yọ èyí tí ó tú jáde kúrò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń san fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà sùúrù ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ bí ẹsẹ̀ kò bá rọ. Fún àgbàlagbà orí òkè Adó-Àwáyè tí ihò eegun ẹ̀yìn rẹ̀ há, oníṣẹ́ abẹ lè gé díẹ̀ kúrò lẹ́yìn eegun náà kí àyè lè gba àwọn iṣan. Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ yìí ń ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ̀yìn tí ń ro lásán kì í sábà jẹ àǹfààní rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ya fífà ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ríro ẹ̀yìn yóò ṣe ìlérí tí kò ní lè mú ṣẹ.

Irú kan náà wà ní ojú. Àwọn kan wà tí nǹkan ń ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí iná mànàmáná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́. Bí wọ́n bá bọ́jú, bí wọ́n bá jẹun, bí wọ́n bá fi orín kan eyín, ó dé. Eyín ni wọ́n máa ń rò pé ó ń ṣe wọ́n, àwọn mìíràn a sì yọ eyín tí kò ní ẹ̀bi títí yóò fi ku díẹ̀. Oògùn ni a kọ́kọ́ ń lò fún un. Bí oògùn bá kùnà, a lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí Peter Jannetta sọ di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1967: a máa ń rí i nínú ọ̀pọ̀ wọn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ń lu iṣan ojú níbi tí ó ti jáde láti inú ọpọlọ. A ó gbé e kúrò, a ó sì fi nǹkan rírọ̀ kékeré sí àárín wọn. A kò gé ohunkóhun. A kàn la ìjà ni.

Ọ̀nà kejì: Gígé ọ̀nà ìrora

Bí a kò bá lè mú ohun tí ó fa ìrora kúrò, ǹjẹ́ a kò lè gé ọ̀nà tí ó ń gbà? Ní 1912, William Spiller àti Edward Martin ní Philadelphia ròyìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gé apá tí ó ń gbé ìrora nínú okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn. Nítorí pé ìrora ń ré kọjá, apá ọ̀tún ni a ń gé fún ìrora apá òsì. Aláìsàn á ṣì máa rìn, á ṣì máa mọ ìfọwọ́kàn, ṣùgbọ́n ìrora àti ìmọ̀lára ooru òun òtútù yóò lọ. Ní 1963, Sean Mullan fi hàn pé a lè ṣe é pẹ̀lú abẹ́rẹ́ láìla ẹ̀yìn.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí bá ọ̀nà kejì wí gidigidi. Ọ̀nà tí a gé kì í dákẹ́ títí láé. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ìrora lè padà, ìrora tuntun sì lè yọ láti inú gígé náà fúnra rẹ̀, èyí tí ó máa ń jó. Nítorí náà ni a ṣe ń fi í pamọ́ fún àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá fínra ní apá kan ara, tí ọjọ́ wọn kò pọ̀ mọ́, tí mọ́fíìnì kò sì ràn tó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, oṣù díẹ̀ láìsí oró kì í ṣe ohun kékeré.

Ibì kan wà tí gígé ṣì ní iyì fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ níwájú. Bí ọlọ́kadà bá ṣubú, tí èjìká rẹ̀ sì já wálẹ̀ kúrò lára ọrùn, àwọn iṣan apá lè fà tu kúrò lára okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn. Apá náà yóò kú: kò ní gbé, kò ní mọ̀ bí a fi abẹ́rẹ́ gún un. Síbẹ̀, olówó rẹ̀ yóò máa sọ pé ó ń jó, pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ rún. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé irọ́ ni. Òtítọ́ ni. Ìránṣẹ́ kejì ni ó ń pariwo nítorí pé ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ kò wá mọ́. Ní àwọn ọdún 1970, Marc Sindou ní Faransé àti Blaine Nashold ní Amẹ́ríkà sọ iṣẹ́ abẹ kan di mímọ̀, èyí tí a fi ń pa ojú ibodè náà gan-an níbi tí iṣan ti tu. Ó ń ran ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn aláìsàn yìí lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà rọ díẹ̀. Ní agbègbè tí ọ̀kadà ti jẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn bí Òkè-Ògùn, ó yẹ kí dókítà mọ̀ pé apá tí ó kú lè jó.

Ọ̀nà kẹta: Yíyí ìròyìn padà

Èrò oníbodè ni ó bí ọ̀nà kẹta. Ní 1967, Norman Shealy fi irin tín-ín-rín sí ẹ̀yìn okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn aláìsàn kan, ó sì fi iná mànàmáná kékeré ránṣẹ́ níbẹ̀, kí oníbodè lè ti ilẹ̀kùn. Lóde òní, a ń gba abẹ́rẹ́ fi okùn iná náà sí ipò, a sì ń dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú bátìrì tí ó wà níta ara. Bí ìrora bá dínkù dáadáa nìkan ni a ó tó gbé bátìrì sábẹ́ awọ. Ìrora ẹsẹ̀ tí kò lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn wà lára ohun tí a ń lò ó fún jù. Irú rẹ̀ mìíràn ni ẹ̀rọ kékeré tí ń fún omi tí ó yí okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn ká ní mọ́fíìnì díẹ̀díẹ̀; ìwọ̀n tí ó ń lò kéré púpọ̀ sí èyí tí à ń gbé mì.

Iyì ọ̀nà yìí ni pé a lè pa á, a sì lè yọ ọ́, láìba ohunkóhun jẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni owó, àti pé kì í ṣe iṣẹ́ àṣelọ. Bátìrì ń fẹ́ pípààrọ̀, ẹ̀rọ mọ́fíìnì ń fẹ́ àtúnkún, okùn iná lè yẹ̀ kúrò ní ipò. Ẹni tí ó ní láti wọ ọkọ̀ méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ náà ní láti fi ìrìnàjò yẹn kún ìnáwó rẹ̀ kí ó tó gbà á.

Ìbàdàn, àti ibi tí abẹ kò dé

Ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ní 1957. Ní 1962, E. Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní Michigan ní Amẹ́ríkà, dé ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Akéwì ni pẹ̀lú. Ó kú ní 1974 ní ẹni ọdún 47, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹ̀ka tí ń kọ́ni sílẹ̀. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ògùn ṣì ń wò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ọpọlọ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn.

Ìbàdàn yìí náà ni a ti kọ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ń jó ni ti abẹ. Ní àwọn ọdún 1960, B. O. Osuntokun ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan tí ó gbilẹ̀ ní àyíká Ẹpẹ: ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ń jó, ó ń kú, ìrìn wọn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú àti etí wọn sì ń rọ̀. Ó so ó mọ́ sáyánáìdì tí ń bẹ nínú gbágùúdá tí a kò ṣètò rẹ̀ dáadáa, nígbà tí oúnjẹ mìíràn kò tó. Inú àwo oúnjẹ ni ìdáhùn irú ìrora bẹ́ẹ̀ wà. Bákan náà, ìrora àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS kì í ṣe ohun tí a ń gé iṣan fún.

Ní ìdàkejì, àmì kan wà tí kò ní sùúrù. Bí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro bá rí i pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, pé abẹ́ àti ìdí kò mọ nǹkan kan mọ́, tàbí pé ìtọ̀ kò wá tàbí kò ṣeé dá dúró, ọ̀rọ̀ wákàtí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tí ojú ń ti àgbàlagbà láti sọ nìyí, pàápàá níwájú ọmọdé. Ẹni tí yóò bi í gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bò ó lọ́rọ̀ láìfi kókó sílẹ̀: “Màmá, ẹ má bínú, bí ẹ bá ń wẹ̀, ṣé ẹ ṣì ń mọ̀ ọ́n bí ọwọ́ bá kan ìsàlẹ̀?” Ìbéèrè kan tí a fi ọ̀wọ̀ béèrè lè gba ẹsẹ̀ méjì là.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí ìrora tún ìtumọ̀ ìrora tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ ní 1979 ṣe ní 2020, wọ́n fi kún un pé ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá sọ pé òun ń jẹ̀rora. Ìbọ̀wọ̀ yẹn kò lè pé bí a kò bá gbọ́ èdè tí ó fi sọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a yẹ̀ wò yìí ní ibi tí wọ́n wúlò sí: èyí tí ń fà nítorí pé nǹkan tẹ̀ ẹ́, a gba ìránṣẹ́ sílẹ̀, oró jẹjẹrẹ àti apá tí ó kú tí ó ń jó, a lè gé ọ̀nà, èyí tí ó kọ̀ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a lè bá oníbodè sọ̀rọ̀. Èyí tí ó jẹ́ ti oúnjẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀, kí abẹ jìnnà sí i.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá hàn kedere. Ó yẹ kí a kó àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìrora jọ láti ẹ̀ka-èdè dé ẹ̀ka-èdè, Òkè-Ògùn pẹ̀lú, láti ẹnu àgbẹ̀, ahunṣọ, ìyá ọlọ́jà àti ọlọ́kadà. Ó yẹ kí a bi wọ́n léèrè ohun tí ó ya ríro kúrò lára fífà, àti ohun tí ó ya títa kúrò lára gígún, kí a sì fi àbájáde rẹ̀ lé àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn lọ́wọ́. Bí àgbàlagbà Adó-Àwáyè bá dé Ìbàdàn tí ó sì ní gígun òkè kò ni òun lára bí sísọ̀kalẹ̀, ó ti fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ ni ó kù.